Ehoro Tí Ó Wà Lára Owó Fàdákà

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa ṣe ìsọmọlórúkọ ní ìparí oṣù Jánúárì ọdún 2024 yóò rántí arákùnrin ará Ṣáínà tí ó wà láàárín wa, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ojú irin. Nígbà tí ó kàn án láti ta ọmọ lọ́rẹ, kò mú náírà jáde. Owó fàdákà kan ni ó fi sí mi lọ́wọ́, àwòrán ehoro sì wà lára rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó mi tilẹ̀ fà mí sẹ́yìn, ó ní ṣé ẹran ìgbẹ́ ni ọkùnrin yìí ń fi ọmọ wa pè ni?

Ẹranko méjìlá ni àwọn ará Ṣáínà fi ń ka ọdún: eku, màlúù, ẹkùn, ehoro, dírágónì, ejò, ẹṣin, ewúrẹ́, ọ̀bọ, àkùkọ, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀. Bí wọ́n bá kà á tán, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí eku. Ọdún tí a bí ènìyàn ni ó ń sọ ẹranko tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fojú rí dírágónì rí, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ òbí ń tọrọ fún ọmọ wọn.

Mo ti gbọ́ pé ọdún dírágónì ni 2024, nítorí náà mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ó ṣi owó mú. Ó ní òun kò ṣì í. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò kí ọdún tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà a sì máa bọ́ sí àárín ọjọ́ 21 oṣù Jánúárì àti ọjọ́ 20 oṣù Fẹ́búárì. (Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa kò ní ṣe kàyéfì.) Ọjọ́ 10 Fẹ́búárì ni dírágónì wọlé ní ọdún náà. Ọmọ tiwa ti dé ṣáájú rẹ̀, ehoro ni.

Ọdún 1981, tí í ṣe ọdún àkùkọ, ni ìjọba Ṣáínà kọ́kọ́ rọ irú owó yìí, ti wúrà àti ti fàdákà. Tiwa wúwo tó gíráàmù 30, a sì kọ yuan 10 sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi ra iyọ̀, nítorí fàdákà inú rẹ̀ níye lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé àwọn ilẹ̀ tí ará Ṣáínà ṣe àtìpó lọ náà ń rọ ọ́. Singapore bẹ̀rẹ̀ ní 1981 kan náà. Ilé ìrọwó Perth ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ ti fàdákà ní 1999. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2014: orí Ọbabìnrin Elizabeth ní ojú kan, ẹṣin àwọn ará Ṣáínà ní ojú kejì. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi orí ọba tí ó jẹ́ ti owó mìíràn tẹ díẹ̀ nínú wọn, àwọn tí ń kó owó jọ sì ń wá èyí tí ó ní àṣìṣe náà kiri. Bí akọ̀wé bíi tèmi bá ṣe irú rẹ̀, ìwé ẹ̀sùn ni yóò gbà.

Ní ọdún tí ó kọjá, owó ilé ìwé ẹ̀gbọ́n ọmọ náà há wa mọ́ra. Mo gbé owó ehoro yìí lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó fi irin òòfà kàn án, kò fà á. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní fàdákà gidi ni, òun yóò yọ́ ọ ṣe òrùka. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun ṣe yọ́ ṣílè àtijọ́, èyí tí í ṣe fàdákà kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ àti tánńganran rọ ọ́ ní 1920. Iye tí ó dá lé e kò burú.

Ìyá ìyàwó mi, ẹni tí ó bínú sí ehoro lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ni ó kọ̀. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, bí ọmọ bá bi yín ohun tí àlejò mú wá fún un, ẹ ó ha ní ẹ ti fi san owó ilé ìwé?” Mo yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa.

Ó wà nínú àpótí báyìí pẹ̀lú ìwé ìbí ọmọ. A kì í fi nǹkan dán an, nítorí dídán a máa bà á jẹ́ lójú ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n. Ní 2035 ni ọdún ehoro yóò tún padà. Ọmọ náà yóò ti pé ọdún mọ́kànlá.