Kí ni abala 24 òfin íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ gan-an?

Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sórí Facebook pé alága ìjọba ìbílẹ̀ òun kó owó ọ̀nà jẹ, ṣé ọlọ́pàá lè gbé e? Láti ọdún 2015 tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ti buwọ́ lu òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, abala 24 ni wọ́n sábà máa ń nà mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Abala náà ní ẹni tó bá fi ohun tó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́ láti fi bí ẹlòmíì nínú lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí kó san ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Olóṣèlú wo ni inú kì í bí tí wọ́n bá bi í léèrè owó?

Lóṣù Kẹta ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá àjọ SERAP láre pé abala yìí tako ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ó di oṣù Kejì ọdún 2024 kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó buwọ́ lu àtúnṣe. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ inú bíbí kúrò, ó wá ku irọ́ tí wọ́n fẹ́ fi dá rúkèrúdò sílẹ̀ tàbí fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu.

Ìyẹn sàn díẹ̀. Àmọ́ ta ló ń pinnu pé ọ̀rọ̀ kan fẹ́ dàlú rú? Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́, kí adájọ́ tó dá sí i rárá. Wọ́n ṣì gbé oníròyìn lórí òfin yìí lẹ́yìn àtúnṣe. Bí òótọ́ bá sì ni onítọ̀hún kọ, àtìmọ́lé ni yóò ti máa ṣàlàyé ara ẹ̀.