Damon Hill

Damon Graham Devereux Hill (ọjọ́ìbí 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960) jẹ́ awakọ̀ ìdíje tẹ́lẹ̀rí, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gba oyè olúborí àgbáyé nínú ìdíje Formula One ní ọdún 1996. Bàbá rẹ̀, Graham Hill, ti gba oyè kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní ọdún 1962 àti ọdún 1968. Damon ni ọmọ olúborí àgbáyé àkọ́kọ́ tí òun náà gba oyè yìí. Ogún ọdún kọjá kí ẹlòmíràn tó ṣe irú rẹ̀: Nico Rosberg, tí bàbá rẹ̀ Keke Rosberg gba oyè ní ọdún 1982, gba tirẹ̀ ní ọdún 2016.

Láàárín ọdún 1992 sí 1999, Damon Hill kópa nínú eré Grand Prix 115, ó sì borí nínú 22. Ohun tí ó mú ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ gbajúmọ̀ ni pé, nígbà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, bàbá rẹ̀ ti kú, ohun ìní ilé wọn sì ti lọ. Orúkọ nìkan ni ó kù.

Bàbá rẹ̀

Ẹni tí kò bá mọ irú ènìyàn tí Graham Hill jẹ́ kò lè mọ bí orúkọ náà ti wúwo tó lórí ọmọ. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1929. Inú ọlá kọ́ ni ó ti jáde wá, ó sì ti pé ọmọ ọdún 24 kí ó tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó kọ́kọ́ ń ṣe fún ikọ̀ Lotus kí wọ́n tó gbà á láyè láti wa ọkọ̀ wọn. Láti ibẹ̀ ni ó ti gòkè di ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú irun etè rẹ̀ àti ẹnu dídùn rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Eré Monaco, tí wọ́n máa ń sá láàárín àwọn òpópónà ìlú, ni ọwọ́ rẹ̀ mú jù lọ. Ó borí níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọdún 1963 sí 1969. Ó borí nínú eré Indianapolis 500 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, ó sì borí nínú eré wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1972. Kò sí awakọ̀ mìíràn tí ó tíì kó oyè Formula One, ti Indianapolis àti ti Le Mans pọ̀.

Ní ọdún 1975, Graham fi ìdíje sílẹ̀ láti máa darí ikọ̀ tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti lọ dán ọkọ̀ ìdíje tuntun wò. Kùrukùru bo gbogbo agbègbè pápákọ̀ òfuurufú Elstree ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ lórí pápá gọ́ọ̀fù kan ní Arkley, gbogbo ènìyàn mẹ́fà tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Lára wọn ni Tony Brise, awakọ̀ ọmọ ọdún 23 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò gẹ́gẹ́ bí olúborí ọ̀la.

Ìgbà èwe

Ọmọ ọdún 15 ni Damon nígbà náà. Ọ̀fọ̀ náà kò mọ sórí ikú. Ìwádìí fi hàn pé àwọn ìwé àṣẹ tó yẹ kí ọkọ̀ òfuurufú náà ní kò pé, nítorí náà adójútòfò kò bo ìjàm̀bá náà. Àwọn ẹbí àwọn tí ó bá ìjàm̀bá náà lọ pe ẹjọ́ gba-máà-bínú lórí ohun ìní Graham, wọ́n sì jàre. Opó rẹ̀, Bette, àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó kúrò nínú ilé ńlá wọn lọ sí ilé kékeré ní ìlú St Albans. Báyìí ni ọmọ olúborí àgbáyé ṣe di lébìrà níbi ìkọ́lé, tí ó sì tún ń fi alùpùpù gbé ìwé àti ẹrù kéékèèké káàkiri Lọ́ńdọ̀nù fún owó oṣù.

Alùpùpù yìí náà ni ó kọ́kọ́ fi díje. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò fi bẹ́ẹ̀ wù ú. Ẹ̀rù eré alùpùpù ni ó ba ìyá rẹ̀, tí ó fi rọ̀ ọ́ ní ọdún 1983 pé kí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ ìdíje ní Magny-Cours, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni bá ro ohun tí ọkọ̀ ti ṣe fún ìdílé náà yóò mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí kò rọrùn fún opó láti gbà ọmọ.

Ó gba Formula Ford kọjá sí Formula Three, níbi tí ó ti ṣe ipò kẹta nínú ìdíje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1988, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Formula 3000. Ipò iwájú bọ́ sí i lọ́wọ́ níbi ìgbéra lọ́pọ̀ ìgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò borí nínú eré kankan ní gbogbo àkókò tí ó lò. Orúkọ Hill lè mú kí ènìyàn gbé fóònù rẹ̀. Kò lè ra ẹ́ńjìnnì.

Akoto aláwọ̀ àjẹ̀

Nígbà èwe Graham, ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ atukọ̀ London Rowing Club. Àwọ̀ ẹgbẹ́ náà ni ó fi kun akoto rẹ̀: búlúù tí ó dúdú, pẹ̀lú àmì funfun mẹ́jọ tí ó dà bí ẹnu àjẹ̀ tí àwọn atukọ̀ fi ń wa omi. Damon kun tirẹ̀ bákan náà. Fún àwọn àgbà tí wọ́n ti wo eré ní àwọn ọdún 1960, ẹni tí ó ti kú ni ó tún padà jókòó sínú ọkọ̀.

Ìwọlé sí Formula One

Ní ọdún 1991, ikọ̀ Williams gbà á gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ adánwò. Iṣẹ́ awakọ̀ adánwò ni láti wa ọkọ̀ ní pápá tí kò sí òǹwòran, kìlómítà lórí kìlómítà, kí ó sì sọ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ibi tí ó kù sí. Ọkọ̀ tí Nigel Mansell fi gba oyè ní ọdún 1992 jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí Damon bá wọn ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní ọdún yẹn kan náà, ó wọ Formula One pẹ̀lú ikọ̀ Brabham, tí bàbá rẹ̀ ti wakọ̀ fún rí, ṣùgbọ́n tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Nínú gbogbo ìgbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó pegedé láti bá wọn gbéra. Eré Hungary tí ó ti ṣe ipò 11 ni eré ìkẹyìn ikọ̀ náà láyé.

Nígbà tí Mansell fi Formula One sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, Williams gbé Damon sí ẹ̀gbẹ́ Alain Prost fún ọdún 1993. Olúborí àgbáyé nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti lo nọ́ńbà 1, Mansell kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, Prost gba nọ́ńbà 2, Damon sì gba òdo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ní Silverstone kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó gbiná. Ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ní Jámánì kí táyà rẹ̀ tó bẹ́ nígbà tí eré ti ń parí lọ. Ní Hungary, ó borí nígbẹ̀yìn, ó sì tún borí nínú méjì tí ó tẹ̀ lé e, ní Belgium àti Ítálì.

Ọdún 1994

Prost fẹ̀yìntì, Ayrton Senna ará Brazil sì gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1994, nínú eré kẹta, Senna kọlu ògiri ní Imola, ó sì kú. Damon, tí kò tíì lo ju àkókò kan àbọ̀ lọ nínú ikọ̀ náà, di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wò.

Ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1968, Jim Clark, tí òun àti Graham jọ wà ní Lotus, kú nínú eré kan ní Jámánì. Graham ni ó borí nínú Grand Prix tí ó tẹ̀ lé e, ní ilẹ̀ Sípéènì, ó sì gba oyè ọdún náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1994, Sípéènì náà ni Damon ti borí fún Williams fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú Senna. Ní oṣù Keje, ó borí ní Silverstone, nínú Grand Prix ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí bàbá rẹ̀ wá títí láì rí gbà.

Michael Schumacher ti Benetton ti síwájú jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn alákòóso gba èsì eré méjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún lé e kúrò nínú méjì mìíràn. Damon lo àyè náà dáadáa. Nínú òjò ńlá ní Suzuka, ní ilẹ̀ Japan, ó na Schumacher lójúkorojú. Bí wọ́n ṣe dé eré ìkẹyìn ní Adelaide, ní Australia, Schumacher ní máàkì 92, Damon ní 91.

Ní ìyípo 36, Schumacher yà kúrò lójú ọ̀nà, ó gbá ògiri, ó sì padà wọlé. Damon, tí kò rí ìgbà tí ó gbá ògiri náà, fẹ́ gba inú kọjá ní igun tí ó kàn. Schumacher yí ọkọ̀ sí i. Ti Schumacher dúró síbẹ̀. Ti Damon gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n irin tí ó gbé táyà iwájú ti tẹ̀, kò sì ṣeé tún ṣe. Máàkì kan ṣoṣo ni ó fi pàdánù oyè. Àwọn alákòóso kò jẹ ẹnikẹ́ni níyà, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán láàárín àwọn olólùfẹ́ eré náà.

Oyè àgbáyé

Ọdún 1995 kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ó borí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ṣe ipò kejì, ṣùgbọ́n ó kọlu Schumacher ní ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkàn rẹ̀ kò le tó.

Ní ọdún 1996, kò sí ọkọ̀ tí ó yá ju ti Williams lọ. Èyí ni àwọn tí kò ka oyè rẹ̀ sí máa ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ irú ọkọ̀ kan náà ni Jacques Villeneuve ń wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Damon borí nínú eré mẹ́jọ nínú 16, kò sì sí eré kankan ní ọdún náà tí kò ti gbéra láti ìlà àkọ́kọ́. Ní Monaco, ìlú bàbá rẹ̀, ó wà níwájú kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó kú. Kò borí níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì.

Kí ọdún tó parí ni ìròyìn jáde pé Williams kò ní tún àdéhùn rẹ̀ ṣe, pé Heinz-Harald Frentzen ni yóò gba ipò rẹ̀. Ó ṣòro láti rí àpẹẹrẹ mìíràn tí a ti lé ẹni tí ó ń ṣíwájú nínú ìdíje kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó lọ sí Suzuka ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá pẹ̀lú máàkì mẹ́sàn-án tí ó fi ju Villeneuve lọ. Ní àkókò yẹn, máàkì 10 ni ti ẹni tí ó bá borí, ẹni kẹfà a sì gba 1. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ni Damon nílò. Táyà ọkọ̀ Villeneuve yọ lójú eré, oyè sì bọ́ sí ọwọ́ Damon kí eré tó parí. Síbẹ̀ kò dẹwọ́. Ó sá a borí. Ọmọ ọdún 36 ni.

Lẹ́yìn Williams

Ó lọ sí Arrows, ikọ̀ kékeré tí kò tíì borí rí. Ní Hungary ní ọdún 1997, ó já Schumacher kọjá lójú ọ̀nà, ó sì wà níwájú títí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́ ní ìyípo díẹ̀ sí òpin. Ipò kejì ni ó ṣe. Eré yìí dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé ọkọ̀ ni ó ń bá a borí ju bí oyè ọdún tí ó ṣáájú ti dáhùn rẹ̀ lọ.

Ní Jordan ni ó ti borí kẹ́yìn, nínú òjò ní Spa, Belgium, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 1998. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ikọ̀ náà, tí ó wọ Formula One ní ọdún 1991, yóò borí. Ó fẹ̀yìntì ní òpin ọdún 1999.

Láti ọdún 2006 sí 2011, ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ìdíje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BRDC, tí ó ni pápá Silverstone. Nígbà tí ó wà lórí oyè ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tí ó mú kí Grand Prix ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró síbẹ̀. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Watching the Wheels, tí ó jáde ní ọdún 2016, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó bá a jà, àti bí ikú bàbá rẹ̀ ṣe wà nídìí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Josh, náà wọ iṣẹ́ ìdíje ọkọ̀, ó dé Formula Three, ó sì fi í sílẹ̀ ní ọdún 2013.