Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi lè sọ pé ìwé kan kò sí, nígbà tí ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Niamey?

Lábẹ́ Yunifásítì Abdou Moumouni ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ni ilé ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní IRSH. Nǹkan bíi 4,000 ìwé àfọwọ́kọ ló wà níbẹ̀. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn. Èdè ilẹ̀ wa bíi Haúsá ni àwọn mìíràn, tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ sílẹ̀. Boubou Hama, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin Niger títí àwọn ológun fi gbàjọba ní 1974, ló ṣe agbátẹrù kíkó wọn jọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ìwé wà lórí pẹpẹ, ọ̀tọ̀ ni kí ẹni tó ń wá a rí i.

Ẹnì kan, orúkọ mẹ́rin

Ẹ wo orúkọ aṣáájú ẹ̀sìn tó dá ìjọba Sokoto sílẹ̀. Usman dan Fodio la máa ń kọ ní Nàìjíríà. Ní Niger, níbi tí wọ́n ti ń kọ Faransé, Ousmane ni. Àwọn onímọ̀ Lárúbáwá a máa kọ ọ́ ní Uthman ibn Fudi, lẹ́tà Lárúbáwá ló sì wà nínú ìwé tòun fúnra rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn mẹ́rin nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rìn láti Ìlọrin dé Niamey, tó tẹ "Usman" níbi tí òṣìṣẹ́ ti kọ "Ousmane", lè padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó tẹ Shango àti ẹni tó tẹ Ṣàngó, ohun kan náà ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà gbójú fo àmì ohùn, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di ọ̀kan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yanjú rẹ̀?

Kọ̀ǹpútà kì í ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá bi í léèrè. Àtòjọ tó ti wà nílẹ̀ ló ń yẹ̀ wò. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ tó le jù wà. Wọ́n ní láti fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan, kí wọ́n sì so gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà náà.

Ọdún pẹ̀lú ní wàhálà tirẹ̀. Ọdún Hijira fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti òyìnbó, nítorí náà ẹni tó béèrè ìwé ọdún 1804 gbọ́dọ̀ rí ti 1218 àti 1219.

Ní àwọn ọdún 1980 ni Charles Stewart, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí pẹ̀lú àwọn ìwé kan ní Boutilimit, Mauritania. Nígbà tó yá, àwọn ìwé Niamey náà wọ inú rẹ̀. A lè fi lẹ́tà Lárúbáwá tàbí ti òyìnbó wá ìwé níbẹ̀.

Ìpinnu kan wá kù: báwo ni ojú àwọ̀n yóò ṣe fẹ̀ tó? Bó bá fẹ̀ jù, ẹja á bọ́; bó bá há jù, pàǹtí á kún un. Lójú tiwa, níbi tí ìwé mọ níwọ̀n báyìí, ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ ogún ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀ wò ju kí ẹyọ kan tó wá débẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà ńbẹ̀. Ní ọdún 2023, Nàìjíríà ni Niamey ti ń ra púpọ̀ nínú iná mànàmáná rẹ̀, Nàìjíríà sì dá a dúró lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Keje ọdún 2023. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àtòjọ tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé ló kù. Ti IRSH wà: àjọ Al-Furqan ní London ló tẹ̀ ẹ́ jáde.