Orúkọ Ń Tọ́ka Ọ̀nà: Wíwá Ìrànlọ́wọ́ fún Àwọn Tí Ìdàgbàsókè Wọn Fà Sẹ́yìn ní Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀

1. Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni ọ̀nà tí àwọn ẹbí ń gbà wá ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tàbí àgbàlagbà tí ìdàgbàsókè rẹ̀ fà sẹ́yìn ní Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ohun tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé kì í ṣe àìsí ìrànlọ́wọ́ nítòsí nìkan ni ó ń dá ẹbí dúró. Orúkọ tí ilé, àdúgbò, àti òfin pàápàá, fi ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń tọ́ka ibi tí wọn yóò gbé e lọ. Bí orúkọ bá ṣì, ọ̀nà yóò ṣì, ọdún tí ó yẹ kí ọmọ fi gba ìtọ́jú yóò sì kọjá lọ.

Ìfàsẹ́yìn ìdàgbàsókè, bí a ti lò ó níhìn-ín, ni àìpé tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, nígbà ìbí tàbí ní kékeré, tí ó sì ń bá ènìyàn gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ìrìn, ti ọ̀rọ̀ sísọ, ti òye, tàbí ti bíbá ènìyàn kẹ́gbẹ́. Lára rẹ̀ ni Down syndrome, èyí tí ó ń ti inú oyún wá. Autism, níbi tí ọ̀rọ̀ àti ìbáṣepọ̀ ti ń ṣòro fún ọmọ. Àti cerebral palsy, èyí tí ọgbẹ́ inú ọpọlọ ń fà, tí kì í jẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ. Gbogbo wọn yàtọ̀ sí wèrè. Ẹni tí wèrè mú ti ń ṣe déédéé tẹ́lẹ̀ kí àìsàn tó dé bá a. Ìfàsẹ́yìn ìdàgbàsókè ń bá ọmọ dàgbà ni. Ìyàtọ̀ yìí kò tóbi lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ni ọ̀ràn inú bébà yìí dúró lé.

2. Àwọn orúkọ tí ó wà nílẹ̀

Yorùbá ní orúkọ ọlá fún àwọn tí ara wọn yàtọ̀. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe afín, abuké àti arọ, nítorí ìgbàgbọ́ pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni òrìṣà kì í ṣe ẹni ẹ̀sín. Ẹni tí ó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òrìṣà ni ó ń bú. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí lára ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí. Ọmọ tí ara rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí òye rẹ̀ fà sẹ́yìn kì í sábà rí orúkọ náà gbà. Dìndìnrìn, sùègbè àti ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè é, èébú sì ni gbogbo wọn. Bí ọmọ bá ń dákú tàbí tí ó ń dá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní emèrè ni.

Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá pè ní emèrè, ilé aláwo tàbí ilé àdúrà ni wọn yóò gbé e lọ. Èyí tí wọ́n bá pè ní dìndìnrìn, inú ilé ni wọn yóò fi í sí, nítorí kò sí ẹni tí ń wá ìtọ́jú fún èébú. Ọmọ tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò tètè yọ, wọn yóò dúró dè é, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, nítorí àwọn àgbà a máa sọ pé ọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀. Àwọn orúkọ tuntun bí àkàndá ẹ̀dá ti mú èébú kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n gbòòrò jù: adití, afọ́jú, arọ àti ọmọ tí òye rẹ̀ fà sẹ́yìn, gbogbo wọn ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

3. Ìlú mẹ́ta àti ààlà méjì

Mowe àti Ibafo wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni wọ́n wà, Owódé sì ni olú ìlú rẹ̀, kì í ṣe ojú títì ńlá yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ ni ó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ ní Èkó. Ìfọ̀ ní tirẹ̀ wà ní ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ sì ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfọ̀. Ẹni tí ó wà ní Ìfọ̀ lè rìn dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Ibafo ní láti wọ ọkọ̀, kí ó sì kọ ẹ̀yìn sí Èkó tí ó mọ̀.

Ààlà ìpínlẹ̀ tún wà. Ní 2011, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, wọ́n sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀, LASODA, láti máa mójú tó wọn. Ará Èkó ni wọ́n ṣe é fún. Ìyá tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tí ó sì ń sùn ní Mowe ń gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò, ṣùgbọ́n ará Ògùn ni lójú òfin. Èyí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń gbàgbọ́ pé Èkó nìkan ni ìrànlọ́wọ́ wà, tí wọn kì í sì í béèrè ohun tí ó tọ́ sí wọn nílé.

4. Ilẹ̀kùn ìlera

Ibi tí gbogbo ìyá ti ń kọjá ni ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀ ní kété tí wọ́n bí i, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, àti ní oṣù 9 àti 15. Bí nọ́ọ̀sì bá ń béèrè ohun tí ọmọ lè ṣe ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, ìfàsẹ́yìn kò ní farapamọ́ pẹ́. Ó yẹ kí ọrùn ọmọ ti le ní nǹkan bí oṣù 4, kí ó dá jókòó ní oṣù 9, kí ó sì máa rìn ní oṣù 18. Bí ó bá fi máa pé ọdún 2, ó yẹ kí ó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè máà ní àìsàn kankan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Etí ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò fún ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí kò gbọ́ kò lè fèsì.

Ó yẹ kí ìyá ròyìn bí wọ́n ti bí ọmọ náà pẹ̀lú. Ọmọ tí kò tètè ké nígbà ìbí, tàbí tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí èyí tí ibà pọ́njú mú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lè ní ọgbẹ́ nínú ọpọlọ bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Káfúrà tí àwọn kan ń fi sáàárín aṣọ ọmọ lè mú kí irú pípọ́n bẹ́ẹ̀ burú sí i fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá a mu.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni yóò kọ ìwé tí ìyá yóò mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Láti Mowe àti Ibafo, ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù wà ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà. Láti Ìfọ̀, Abẹ́òkúta ni ọ̀nà lọ, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Aba, tí ti Árò náà sì wà.

Níbi Árò ni orúkọ tún ti ń dí ọ̀nà. Ní 1954 ni ilé ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ẹni tí ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́ nípa ètò náà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu Yorùbá, Árò ti di orúkọ mìíràn fún wèrè, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ wọn ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kì í ṣe àwọn aláìmọ̀wé nìkan ni ó da méjèèjì pọ̀. Òfin wèrè ti 1958 ka ẹni tí òye rẹ̀ kò pé láti ìbí mọ́ wèrè, òfin náà sì wà títí Ààrẹ fi fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìn-ín-ní 2023.

5. Ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́

Ilé ẹ̀kọ́ fún adití àti afọ́jú ni ó kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ní 1960, Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn; ti Pacelli fún afọ́jú tẹ̀ lé e ní Èkó ní 1962. Ní 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè fi àyè fún ẹ̀kọ́ àkàndá, ọdún náà ni wọ́n sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ olùkọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Nítorí náà, bí ẹbí bá gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ àkàndá wà níbì kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: irú àkàndá wo? Olùkọ́ tí ó mọ èdè ọwọ́ lè máà mọ bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ tí òye rẹ̀ fà sẹ́yìn.

Àwọn ilé tí a dá sílẹ̀ fún irú ọmọ wọ̀nyí gan-an pọ̀ jù ní Èkó: Modupe Cole ní Àkọkà, Atunda-Olu ní Sùúrùlérè, àti Patrick Speech and Language Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ fún autism ní Ìkẹjà ní 2006. Wọ́n wúlò fún àyẹ̀wò àti fún ìmọ̀ràn tí òbí yóò máa lò nílé. Ṣùgbọ́n láti máa gbé ọmọ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti Ibafo tàbí Ìfọ̀ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Ìdí nìyí tí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò fi ṣe pàtàkì. Òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Àwọn ilé aládàáni kan wà tí ń gba ọmọ sùn. Ṣáájú kí ẹbí tó fi ọmọ síbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n béèrè bí ìjọba bá mọ̀ ọ́n, àti bí òbí bá lè yà síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ní 2019, ìwádìí Human Rights Watch fi hàn pé wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n de ènìyàn ní àwọn ilé ìwòsàn, ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilé tí kò bá gbà kí òbí wọlé, kì í ṣe ilé ìtọ́jú.

6. Òfin àti ọ́fíìsì wẹ́líféà

Òfin àpapọ̀ ti 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019, kọ ìyànjẹ àkàndá ẹ̀dá. Ó ní ẹ̀tọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì ní kí ẹni tí àìpé rẹ̀ jẹ́ ti ọpọlọ máa gba ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àmọ́ ẹ̀tọ́ tí kò ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ dà bí oúnjẹ tí a bò mọ́lẹ̀. Ọ́fíìsì wẹ́líféà ní ìjọba ìbílẹ̀, ní Owódé tàbí ní Ìfọ̀, ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ìwé dókítà, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwé ẹ̀rí ìbí ni ó yẹ kí ẹbí mú dání, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní pàtó. “Ẹ ṣàánú wa” kò tọ́ka ilẹ̀kùn kankan. “Ọmọ ọdún 6 yìí kò tíì sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ pé, ilé ẹ̀kọ́ ni a ń wá fún un” tọ́ka rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni ó le jù, nítorí ètò ìjọba fún ọmọdé pọ̀ ju ti àgbà lọ. Níhìn-ín ni àṣà iṣẹ́ kíkọ́ ti lè ṣe ohun tí ọ́fíìsì kò ṣe. Aṣọ rírán, ọṣẹ ṣíṣe àti iṣẹ́ oko ìrẹsì ní agbègbè Ọ̀fàdà, nítòsí Mowe, jẹ́ iṣẹ́ tí a lè pín sí kékeré kékeré. Ọ̀gá tí ó bá ní sùúrù lè fi apá kan rẹ̀ lé ẹni tí òye rẹ̀ fà sẹ́yìn lọ́wọ́, kí ẹni náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

7. Ìkádìí

Bébà yìí ti fi hàn pé ilẹ̀kùn mẹ́ta ni ó wà fún ẹbí: ìlera, ẹ̀kọ́ àti wẹ́líféà; àti pé orúkọ ọmọ ni ó ń sọ èyí tí wọn yóò kàn. Èébú kò ní ilẹ̀kùn, orúkọ tí ó gbòòrò jù kò sì mọ èyí tí yóò yà sí. Iṣẹ́ kan wà nínú èyí fún àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá. A ti ṣe ọ̀rọ̀ ìperí fún gírámà, fún ìṣirò àti fún sáyẹ́ǹsì. Ìyá tí ó wà níwájú nọ́ọ̀sì ní Ibafo ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ rẹ̀ láìbú u, tí nọ́ọ̀sì náà yóò sì gbọ́ yé. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ṣùgbọ́n igba ènìyàn náà ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí wọn yóò máa pe ọmọ.