Páìnì Inú Ìkòkò: Kì í Ṣe Irúgbìn Ló Sọ Ọ́ Di Kékeré

Ẹ ti lè rí àwọn tó ń ta "irúgbìn bonsai" lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fowó yín ṣòfò o. Irúgbìn igi lásán ni wọ́n dì sínú páálí yẹn. Tó bá jẹ́ ti páìnì dúdú Jàpáànì ni, tí wọ́n sì gbìn ín sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílùú rẹ̀, yóò ga ju òpó iná lọ.

Ọwọ́ èèyàn àti àsìkò ló ń sọ igi di bonsai. Páìnì funfun kan wà ní ọgbà igi ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington tí wọ́n ti ń tọ́ láti ọdún 1625. Nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bú gbàmù ní Hiroshima lọ́dún 1945, nǹkan bíi kìlómítà 3 péré ló wà síbẹ̀, nínú ọgbà ìdílé Yamaki. Ògiri ọgbà ló gbà á sílẹ̀. Masaru Yamaki fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976, àmọ́ ọdún 2001 tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá wò ó ni àwọn olùtọ́jú ọgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìtàn bọ́ǹbù náà.

Báwo wá ni igi ṣe ń wà ní kékeré fún bí irínwó ọdún?

Ẹ jẹ́ ká wo páìnì dúdú, torí òun ló lágídí jù. Nígbà ìrúwé, ọ̀mùnú rẹ̀ á yọ ṣóńṣó bí àbẹ́là. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ọ̀mùnú tó là, wọ́n á tú igi náà, wọ́n á gé díẹ̀ lára gbòǹgbò, wọ́n á sì pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Nǹkan funfun tó máa ń wà lára gbòǹgbò yẹn kì í ṣe àrùn. Irú olú kan ni, tó ń bá igi fa omi, tí igi náà sì ń fún un ní ṣúgà. Wọn kì í fọ gbogbo ẹ̀ dànù.

Nǹkan bí oṣù Kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni idán gidi. Wọ́n á gé ọ̀mùnú ọdún yẹn kúrò! Ó jọ ìwà ìkà, àbí? Orí ọ̀mùnú ló ń ṣe auxin, kẹ́míkà tó ń mú kí àwọn ojú kéékèèké ìsàlẹ̀ máa sùn. Tí orí bá ti lọ, wọ́n á jí, wọ́n á yọ ewé. Ṣùgbọ́n òtútù ti ń bọ̀, àkókò ò sí mọ́, ewé tuntun ò ní lè gùn. Igi tó bá ń ṣàárẹ̀, wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Páìnì funfun náà ńkọ́? Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń yọ ọ̀mùnú lọ́dún, ìka ni wọ́n fi ń já díẹ̀ lára rẹ̀.

Nígbà ìwọ́wé, wọ́n á fa ewé àtijọ́ kúrò kí oòrùn lè wọ inú. Nígbà òtútù tí igi ń sinmi, wọ́n á fi wáyà tẹ ẹ̀ka.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa páìnì wọn nìyí: kì í sábà hù padà lára ẹ̀ka gbígbó tí kò léwé. Ẹ gé kọjá ewé tó kẹ́yìn, ẹ̀ka yẹn lọ nìyẹn.

L'Ékòó, páìnì Jàpáànì á jìyà, torí kò ní rí òtútù tó fi ń sinmi. Ọdán ni kí ẹ gbìn. Ìbátan rẹ̀ ni àwọn igi ficus tí wọ́n fi ń ṣe bonsai nílẹ̀ olóoru, àwọn yẹn sì máa ń hù padà lára igi gbígbó. Ẹ ṣáà máa bomi rin ín, ìkòkò kékeré lè gbẹ táútáú láàárín ọjọ́ kan.