Eczema Ọmọdé: Kí Ni Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Fún Wa?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ṣé a lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ bí eczema ọmọ ṣe le tó? Ó yẹ kí á mọ ìdáhùn náà kí á tó náwó, pàápàá kí á tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ.

Eczema kì í ṣe làpálàpá, kì í sì í ràn. Awọ ọmọ náà ni kì í di omi ara mú dáadáa; ó ń gbẹ, ó ń yún, àwọn èròjà tó ń dáàbò bo ara a sì máa jà níbi tí kò sí ọ̀tá. Àmì ìjà yìí máa ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Mẹ́ta ni a ó mẹ́nu bà.

Èkíní ni IgE, tí Kimishige Ishizaka àti ìyàwó rẹ̀ Teruko, àwọn ọmọ Japan, ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1966. Ó sábà máa ń ga lára ọmọ tó ní eczema, ṣùgbọ́n aràn inú náà ń gbé e ga. Eczema ọmọ mìíràn sì lè le kí IgE rẹ̀ má ga.

Èkejì ni eosinophil, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Aràn lè mú òun náà pọ̀.

Ẹ̀kẹta, TARC, ló súnmọ́ òtítọ́ jù: ó ń ga bí àrùn bá le, ó sì ń wálẹ̀ bí ìtọ́jú bá ń ṣiṣẹ́. Láti 2008 ni ètò adójútòfò ìlera ti ń san owó rẹ̀ ní Japan. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ọwọ́ máa ń ga ju ti ọmọ tó ti dàgbà lọ, nítorí náà, ọjọ́ orí ni a fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀.

Síbẹ̀, ojú ni dókítà fi ń wò ó jù. Òṣùwọ̀n SCORAD, tó jáde ní 1993, ń wo bí ó ṣe gba ara tó, bí awọ ṣe rí, bí ó ṣe ń yún, àti bí ọmọ ṣe ń sùn. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá ju 50 lọ, ó le. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn kedere. Ojú ibẹ̀ lè dúdú sí i tàbí kí ó dà bí eérú. Ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì béèrè bí ọmọ ṣe sùn lóru.

Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí: bí àyẹ̀wò IgE bá dárúkọ ẹyin tàbí wàrà, kò túmọ̀ sí pé òun ló fa eczema. Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Bí a bá fi dù wọ́n láìnídìí, ọmọ lè rù, ara rẹ̀ sì lè kọ oúnjẹ náà lọ́jọ́ tó bá tún jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ètè ọmọ bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí owó kọ́kọ́ lọ sórí ìpara tí kò ní lọ́fínńdà, bíi fasilíìnì, lẹ́yìn ìwẹ̀, àti oògùn tí dókítà kọ. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà.