Aṣọ Inú Àpótí Tí A Kò Tíì Rán: Èló Ló Yẹ Kí A Tà Á?

Lẹ́yìn àdúrà fídáù ìyá wa ni a tó ṣí àpótí náà. Àpótí páànù ni, irú èyí tí àwọn ìyàwó ìgbà kan máa ń gbé lọ sí ilé ọkọ. Ó ti wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ nínú ilé wa ní Ìpàta, ní ìlú Ìlọrin, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé wa. Lẹ́yìn náà ni a rí àwọn aṣọ: ẹtù kan tí a ká bí ahunṣọ ṣe kó o lé ìyá wa lọ́wọ́, tí abẹ́rẹ́ kò tíì kàn án rí, ànkárá mẹ́ta, ọ̀pá mẹ́fà mẹ́fà, léèsì kan tí ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, àti aṣọ ẹbí oríṣiríṣi tí a kò rántí ìnáwó tí a torí rẹ̀ rà wọ́n. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a rán.

Ọmọ mẹ́rin ni wá. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ kí ẹtù náà di tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kò burú, ṣùgbọ́n ogún ni ogún ń jẹ́: kí ó san iye tí ẹtù náà tó sínú ohun tí a óò pín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, òun náà ni kò sì sẹ́ni tó lè dáhùn lọ́jọ́ náà: èló?

A pe obìnrin kan tí ó máa ń ra aṣọ àtijọ́ kiri. Ó wo àpótí náà wò, kò tú aṣọ kankan, ó sì dá iye kan lé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Owó náà kò lè ra àgbò kékeré kan ní ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ gbà á kí ọ̀rọ̀ lè tán. Àbúrò mi bú sẹ́kún. Ọjọ́ náà ni mo pinnu láti wádìí bí a ti ń díye lé ohun tí a rà tí a kò lò.

Àgbò kò ṣòro, aṣọ ló ṣòro

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìpàta kì í ṣe àjèjì sí ìdúnàádúrà. Ọjà wa kún fún ẹran ọ̀sìn, ẹran tútù, ata àti ewébẹ̀. Bí o bá fẹ́ ra àgbò, o lè wo mẹ́wàá kí o tó sọ̀rọ̀. O ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, o ó wo eyín rẹ̀, o ó béèrè iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Kí o tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹrin, o ti mọ iye tí ọjà ń sọ lọ́jọ́ náà. Olówó kò lè rẹ́ ọ jẹ púpọ̀, ìwọ náà kò sì lè rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹtù inú àpótí kò ní ẹgbẹ́ tí a lè fi í wé. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Èdè wa pàápàá kò fún un lórúkọ tó bá a mu. Ohun tí a ti lò ni a ń pè ní àlòkù, ṣùgbọ́n a kò lo èyí. Ohun tí ó ti òkè òkun bọ̀ ni tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ilé wa níhìn-ín ni wọ́n ti hun ún. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè pè é ní tuntun, nítorí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni kan. Ibi tí orúkọ kò ti dúró ni iye kì í ti í dúró. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò pè é ní àlòkù, ẹni tó fẹ́ tà á yóò pè é ní tuntun, òtítọ́ yóò sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń yọ lẹ́nu. Ní Bìrìtìkó, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Airfix, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1939, ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú kékeré oníke láti àwọn ọdún 1950. Kì í ṣe odindi ọkọ̀ ni wọ́n ń tà. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú páálí, kí ẹni tó rà á lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn eré yìí ló ń rà ju iye tí wọ́n lè tò lọ láyé wọn. Bí wọ́n bá kú, ìdílé wọn yóò bá páálí lórí páálí nínú àjà. Àwọn náà ń béèrè ohun tí àwa béèrè ní Ìpàta. Nígbà tí mo wo bí wọ́n ṣe ń díye lé e, mo rí i pé ọgbọ́n wọn kò jìnnà sí ti àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ.

Ìbéèrè márùn-ún kí a tó dá iye

Èkíní: Èló ni yóò náni láti ra irú rẹ̀ lónìí? Nínú ọ̀rá léèsì náà ni a ti rí ìwé ẹ̀rí ìsanwó ọdún 2014: 18,000 náírà. Ẹ̀gbọ́n wa ní iye náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n náírà ìgbà náà kọ́ ni náírà ìsinsìnyí. Kí oṣù Okúdù ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí 460 náírà ni wọ́n ń pa dọ́là Amẹ́ríkà kan ní iye ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí, ó ti ju 1,500 náírà lọ. Òkè òkun ni léèsì ti ń wá, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú òwú tí àwọn ahunṣọ wa ń lò ti ń wá. Nítorí náà, iye tí a rà á lánàá kì í ṣe òṣùwọ̀n. Iye tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ lónìí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Èkejì: Ṣé ó pé? Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni àwọn ọkùnrin ahunṣọ ń hun lórí òfì, kí a tó gé e, kí a sì rán an pọ̀ di aṣọ. Ẹni tó fẹ́ ra ẹtù gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá yóò tó ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé, tàbí gèlè àti ìpèlé nìkan. Bí ọ̀já bá dín, a kò lè kàn lọ hun díẹ̀ kún un, nítorí aró ọjọ́ kan kì í bá ti ọjọ́ kejì dọ́gba. Bákan náà ni páálí ọkọ̀ kékeré tí apá kan sọnù nínú rẹ̀: kì í ṣe apá náà nìkan ni ó dín lówó, gbogbo páálí ni.

Ẹ̀kẹta: Báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí? Aṣọ tí a kò wọ̀ náà ń gbó. Ojú ìṣẹ́po lè ṣá. Kòkòrò lè jẹ ẹ́, eku lè ké e, ọ̀rinrin lè mú un bu. Ẹ má ṣe fi òkè wò ó. Ẹ tú u délẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Obìnrin tó dá iye lé àpótí wa láì tú u ti mọ ohun tí ó ń ṣe: ẹni tí kò wo ohun tí ó ń rà yóò dá iye tí yóò gba gbogbo àbùkù tí ó lè wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é? Bí Airfix bá tún páálí àtijọ́ kan ṣe jáde, iye èyí tí àwọn ènìyàn ti tọ́jú yóò wálẹ̀, nítorí ohun tó ṣọ̀wọ́n ti pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ànkárá. Ilé iṣẹ́ Vlisco ní ìlú Helmond, lórílẹ̀-èdè Netherlands, ti wà láti ọdún 1846, àwọn àwòrán rẹ̀ àtijọ́ kan sì wà tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ dòní. Irú èyí kò lè wọ́n ju ti inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ United Nigerian Textiles ní Kàdúná ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007, ẹni tí aṣọ wọn wà nínú àpótí rẹ̀ di ẹni tó ní ohun tí kò sí lórí àtẹ mọ́. Ẹ yẹ etí aṣọ wò: ibẹ̀ ni orúkọ ilé iṣẹ́ máa ń wà. Ní ti aṣọ òfì, sányán tí a fi òwú kòkòrò inú igbó hun àti ẹtù tí a fi ẹ̀lú gidi rẹ ṣọ̀wọ́n ju èyí tí a fi òwú ilé iṣẹ́ hun lọ. Ahunṣọ tó dàgbà yóò mọ̀ ọ́n bí ó bá fọwọ́ kàn án.

Ìkarùn-ún: Ta ni yóò rà á, ìgbà wo sì ni? Aṣọ ẹbí ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù níhìn-ín. Nígbà púpọ̀, iye tí a rà á ju iye aṣọ lọ, nítorí owó ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, tí a fi ran olóde lọ́wọ́. Ìfẹ́ yẹn ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín; a kò lè tún un tà fún ẹlòmíràn. Iye aṣọ nìkan ló kù, òun náà sì ti dín, nítorí ìnáwó náà ti kọjá.

Èrè alájàpá kì í ṣe olè

Ó yẹ kí n ṣe ìdájọ́ òdodo fún obìnrin tí a kọ́kọ́ pè. Alájàpá ní láti rí èrè. Yóò gbé ẹrù náà kiri, yóò tọ́jú rẹ̀, ó lè pé oṣù mẹ́fà kí ó tó rí ẹni rà á, àwọn kan nínú rẹ̀ kò sì ní tà láéláé. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ká ní léèsì irú tiwa jẹ́ 120,000 náírà nínú ṣọ́ọ̀bù lónìí. Ojú ìṣẹ́po kan ti ṣá: ẹ yọ 15,000. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa kò lè yan àwọ̀, kò sì ní ṣọ́ọ̀bù tí yóò dá a padà sí: ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún iye tuntun, 24,000. Ó ku 81,000. Iye tó tọ́ láàárín ènìyàn méjì nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ alájàpá ni a fẹ́ tà á fún lónìí, kí a sì gba owó wa lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 50,000 tàbí 55,000 kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Owó ìdúró àti wàhálà rẹ̀ ni ó yọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá mẹ́nu lé 15,000, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì di aṣọ yín.

Ẹ̀gbẹ́ kejì wà pẹ̀lú. Ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ fi àbùkù pamọ́. Nínú ìlú tí ilé kéwú pọ̀ tó tiwa, ọmọdé pàápàá mọ ìtàn bí Ànábì ṣe ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tí ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Olóúnjẹ ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń tanni jẹ kì í ṣe ara wọn. Ibi tí eku ti jẹ aṣọ, òkè ni kí ó wà.

Bí a ṣe parí tiwa

Láàárín ọmọ ìyá, iye tó kéré jù lè dàbí inú rere, ṣùgbọ́n ẹnì kan ni yóò san án. Ní ìlànà ogún Ìsìláàmù tí ilé wa ń tẹ̀lé, a ó kọ́kọ́ san gbèsè òkú, lẹ́yìn náà ni a ó pín èyí tó kù, ìpín ọmọkùnrin yóò sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Bí a bá gbé ẹtù fún àbúrò mi ní ọ̀pọ̀, a ti mú nínú ìpín àwa mẹ́ta yòókù. Bí a bá gbé e lé e lórí ní ọ̀wọ́n gógó nítorí pé a mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀, a ti fi ìfẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà.

Ohun tí a ṣe nìyí. A gbé ẹtù náà lọ bá ahunṣọ méjì àti olóńtajà aṣọ òfì kan, a kò sì sọ fún èyíkéyìí nínú wọn bóyá rírà ni a fẹ́ rà tàbí títà ni a fẹ́ tà. A kọ iye tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ni a ní kí ó fi wọ́n dá iye kan, pẹ̀lú àdéhùn pé àbúrò mi ló máa yàn: bóyá kí òun rà á ní iye náà, tàbí kí ẹ̀gbọ́n rà á ní iye kan náà. Ẹni tó mọ̀ pé iye tí òun dá lè padà wá bá òun kì í dá a sókè jù, kì í sì í dá a sílẹ̀ jù. Ó ronú fún ọjọ́ méjì kó tó sọ ọ́. Àbúrò mi gbà, ó sì san án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Kó tó di pé oṣù náà parí, ó ti gbé e lọ fún aránṣọ. A béèrè ìdí tí kò fi tọ́jú rẹ̀ bí ìyá wa ti ṣe. Ó ní ìyá wa ń dúró de ọjọ́ tí yóò yẹ aṣọ náà, ọjọ́ náà kò sì dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí àpótí bá wà nílé yín, ẹ rán èyí tí ẹ lè rán. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó hun tàbí ibi tí ẹ ti rà á, ọdún, iye ọ̀já tàbí ọ̀pá, kí ẹ sì fi sínú èyí tó kù. Bí ẹ kò tilẹ̀ ní tà á láéláé, àwọn ọmọ yín kò ní jókòó yí i ká ní ọjọ́ kan, kí wọ́n máa bi ara wọn pé èló.